Waris fún Nọ́ńbà Méjì

Àìkú, 6 Oṣù Kọkànlá 2005

Wọ́n tún nà wá nínú bọ́ọ̀lù alájùságbọ̀n. 67 sí 49, ẹ̀ẹ̀kẹta léraléra. Waris nìkan ló ju 27 nínú 49 yẹn. Àwọn tó kù kàn ń sáré kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀. Òjò ò dá láti àná, òrùlé gbọ̀ngàn ń jò sábẹ́ agbọ̀n apá ọ̀tún, adájọ́ sì dá eré dúró lẹ́ẹ̀mejì kí a lè nu ilẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ kóòṣì, tí mo ti tó ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ni mo kúnlẹ̀ tí mò ń nulẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

Bí a bá parí líìgì yìí nísàlẹ̀ pátápátá, wọn yóò gba ààyè wa lọ́wọ́ wa, wọn yóò fi fún àwọn ọmọ Poland tí wọ́n ti ń dúró láti ọdún tó kọjá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kó ẹgbẹ́ Clonsilla jọ nílùú òyìnbó níbí. Ní ilé ẹrù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Damastown, nọ́ńbà tó wà láyà ẹ̀wù mi ni wọ́n fi ń pè mí. Ní gbọ̀ngàn yẹn nìkan ni mo ti ń jẹ́ Kóòṣì Dísù. Mi ò fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Waris bá mi wálé lẹ́yìn eré gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àga, mo fi òrí àti aṣọ gbígbóná pa orúnkún rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ó wú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Bó bá ká a, mo ń gbọ́ nǹkan tó ń dún nínú rẹ̀. Ó ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Mo ní ta ni mo fẹ́ sọ fún. Èmi ni mo bẹ ọ̀gá wa ní Damastown kí wọ́n fi í sórí fọ́kílíìfù, kó máa jókòó wakọ̀ dípò kó máa fi èjìká gbé páálí, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Munirat ìyàwó mi ní pálọ̀ òun ti ń rùn bí ilé oníṣègùn. Mo ní kó ṣí fèrèsé. Ó ní nínú òtútù yìí?

Jímọ̀, 18 Oṣù Kọkànlá

Yìnyín bo gíláàsì mọ́tò. Iṣu kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ti di yúrò méje. Mo wò ó, mo gbé e padà sílẹ̀.

Àìkú, 4 Oṣù Kejìlá

Àwa olórí ẹgbẹ́ mẹ́jọ pàdé lẹ́yìn gbọ̀ngàn láti fa nọ́ńbà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun mọ́kànlá ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí, ní 14 Oṣù Kìíní la máa yàn wọ́n, ẹni tó bá fa nọ́ńbà kìíní ni yóò kọ́kọ́ mú. Wọ́n ká àwọn bébà sínú ìkòkò tíì, wọ́n gbé e kiri. Mo ṣe bísímílláhì kí n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà mẹ́jọ.

Adéjùmọ̀ ará Clondalkin fa nọ́ńbà kìíní. Nọ́ńbà kẹta tí ẹgbẹ́ Tallaght fà náà di tirẹ̀, nítorí agbábọ́ọ̀lù kan tó fún wọn lọ́dún tó kọjá. Kò dẹ́rìn-ín. Ó kàn pa bébà náà mọ́ sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé tòun ni tẹ́lẹ̀.

Nínú àwọn mọ́kànlá yẹn, ẹyọ kan ni gbogbo ènìyàn ń wò: Safwan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń tẹrí kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo wò ó títí ó fi sú mi. Nọ́ńbà mẹ́jọ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kejìlá

Adéjùmọ̀ pè mí lórí fóònù nígbà tí mò ń jẹun ọ̀sán. Kò yí ọ̀rọ̀ po. Ó fẹ́ Waris. Yóò fún mi ní nọ́ńbà kìíní àti nọ́ńbà kẹta. Mo ní kó tún un sọ, mo ṣe bí ẹni pé ariwo ilé ẹrù ni kò jẹ́ kí n gbọ́.

Ó ní kí n rò ó dáadáa, pé ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni pàṣípààrọ̀ máa parí. Ó tún ní gbogbo ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún òun ló ń bá òun ṣiṣẹ́. Òun ló ń kó òṣìṣẹ́ fún ilé ńlá kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Grange Castle, owó ibẹ̀ sì ju ti Damastown lọ fíìfíì. Mo béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, gbígbé bíríkì, gbígbé sìmẹ́ǹtì, kí ọmọdé máa le.

Mo ní màá pè é padà. Ó rò pé mò ń ná ọjà.

Jímọ̀, 9 Oṣù Kejìlá

Lẹ́yìn Jímọ̀ mo jókòó sínú mọ́tò níwájú mọ́ṣáláṣí, mo ṣí ìwé tí Kamilah fi ń kọ eré sílẹ̀. Ọmọ mi yẹn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré, ó mọ ìṣirò ju bàbá rẹ̀ lọ. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó wọlé, gbogbo èyí tó tàsé, gbogbo ìṣẹ́jú, ó wà níbẹ̀. Nínú eré mẹ́fà, nígbà tí Waris bá wà lórí pápá, bí bọ́ọ̀lù méjì péré ni wọ́n fi ń jù wá lọ. Bó bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ti fi mẹ́wàá jù wá. Láìsí i, a kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí orúnkún rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ọdún mẹ́fà ṣì wà lára rẹ̀, nọ́ńbà kìíní àti ìkẹta pọ̀ kò tó o, màá sì bínú sí Adéjùmọ̀ pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Bí orúnkún náà bá rí bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n, bóyá ló fi lè rí òpin ọdún tó ń bọ̀, nọ́ńbà karùn-ún lásán ti pọ̀ jù fún un. Safwan ní ọdún mẹ́wàá níwájú. Ẹni tí mo bá fi nọ́ńbà kẹta mú, ó kéré tán, yóò lè sáré. Waris tó ní ẹsẹ̀ méjì ni Adéjùmọ̀ ń rà. Waris mìíràn ló wà nílé mi lọ́jọ́ Àìkú.

Mo rí i kedere báyìí: iye tí Waris tó kò sí nínú ìwé Kamilah. Ohun tí Adéjùmọ̀ kò mọ̀ ló gbé e dé nọ́ńbà kìíní. Ojú tì mí bí mo ṣe kọ eléyìí tán, ṣùgbọ́n mi ò ní pa á rẹ́.

Àìkú, 11 Oṣù Kejìlá

A borí! 58 sí 55. Waris ju 31. Adéjùmọ̀ wà lórí àga àwọn òǹwòran, ó ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn eré, Waris kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́rin tó wà níwájú gbọ̀ngàn. Mo fi èjìká gbà á, mo mú un gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láàárín àwọn agolo ìdọ̀tí, kí Adéjùmọ̀ má bàa rí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó rò pé nítorí tirẹ̀ ni.

Ajé, 19 Oṣù Kejìlá

Mọ́tò kò gbiná. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Damastown nínú kùrukùru. Mò ń ronú Safwan ní gbogbo ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kejìlá

Òfin líìgì ni pé agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ kó mọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé mo ta ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Mo pè é wá jẹun. Munirat se ìrẹsì àti ẹran. Nígbà tó jẹun dé ìdajì, mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: Adéjùmọ̀ ń fẹ́ ẹ, owó ibẹ̀ dáa, gbọ̀ngàn wọn lóoru, ẹgbẹ́ wọn lè gba ife. Mo fi kún un pé nọ́ńbà méjì yẹn lè gba Clonsilla là. Mi ò sọ nǹkan kan nípa bíríkì.

Mo wá bi í pé, "Kí lo rí sí i?"

Ó ń wo àwo. "Bí ẹ bá ṣe wí ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ ni. Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí wàhálà. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dáa."

Ara mi fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo gbàdúrà fún un, ó ṣe àmín. Mo pa orúnkún rẹ̀ fún un dáadáa lónìí, mo pẹ́ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbà. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i: ó gbà. Munirat ló sọ pé ó fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kejìlá

Kamilah gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ó bá mi ní kíṣìnnì láàárọ̀, mo ń wá ife nínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Daddy, that wasn't asking," ló wí. "What was he meant to say, like?"

Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn, pé bí Waris kò bá fẹ́, ọ̀nà wà tí yóò gbà sọ ọ́. Ó bi mí bóyá Waris ti sọ rárá fún mi rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ronú. Ọdún mẹ́rin. Mo ní kó lọ tún yàrá rẹ̀ ṣe.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kìíní 2006

A fọwọ́ sí i ní ilé tíì kan ní Clondalkin. Adéjùmọ̀, Waris, èmi. Nínú bébà náà, ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè bóyá agbábọ́ọ̀lù ní àìsàn tàbí ìpalára. Waris gbójú sókè wò mí. Mo ń po tíì mi. Ó kọ "rárá", ó sì yí bébà náà sọ́dọ̀ mi kí n fọwọ́ sí i lábẹ́ tirẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Adéjùmọ̀ bọ̀ wá lọ́wọ́. "Grand," ló ń wí, "grand, ẹ ṣeun, Kóòṣì." Ó sanwó tíì.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kìíní

Iléyá. Àwọn ọ̀rẹ́ Munirat kún ilé, ẹran pọ̀. Láti ọdún mẹ́rin, Waris ló máa ń gé ẹran fún wa. Lónìí ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: Eid mubarak sir, I am on shift. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo gé ẹran fúnra mi, mo gé e játijàti, Munirat sì tún un gé.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kìíní

Mo mú Safwan. Mo fi nọ́ńbà kẹta mú ọmọ kan tó ń jẹ́ Olúwatìmí, tó ń kàwé ní yunifásítì, tó yára bí ìjì. Àwọn olórí ẹgbẹ́ yòókù ń gbá mi léjìká. Ẹnìkan ní mo fi Adéjùmọ̀ ṣeré. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mi ò gbádùn ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n mo rín in.

Àìkú, 29 Oṣù Kìíní

A pàdé ẹgbẹ́ Adéjùmọ̀ lónìí. Waris wá kí mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, lójú àwọn òyìnbó. Láti ọdún mẹ́rin, orí ló máa ń tẹ̀ fún mi, tí á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo ní dìde, dìde. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ó ju 22, wọ́n fi mẹ́jọ nà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i tó fi ọwọ́ di orúnkún rẹ̀ mú nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Èmi ń wò ó. Ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ ti le fún bíríkì. Adéjùmọ̀ jókòó ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi, mo lè dìde kí n sọ ọ́ fún un nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Mo ń ṣírò bóyá ó ti pẹ́ jù láti sọ, bóyá yóò gba Safwan padà. Mo jókòó.

Àìkú, 12 Oṣù Kejì

A borí, ẹ̀ẹ̀kẹta nínú eré mẹ́rin. A ti kúrò nísàlẹ̀. Safwan di ògiri sábẹ́ agbọ̀n, kò sẹ́ni tó kọjá. Ìṣirò mi tọ̀nà. Mo wálé, òrí wà lórí tábìlì pálọ̀, ó ti dì. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ fi pa.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kejì

Waris ṣubú. Ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun àtẹ̀gùn níbi iṣẹ́, orúnkún òsì kọ̀ fún un, ó yí dé ìsàlẹ̀. Adéjùmọ̀ ló pè mí láti ilé ìwòsàn. Dókítà ti sọ fún un pé orúnkún náà ti bàjẹ́ tipẹ́, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló yẹ kó mọ̀.

"Kóòṣì, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó yá mi lẹ́nu ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ó dáa, ó gbà mí gbọ́. Mo padà sórí fọ́kílíìfù tèmi, mo sì gbé páálí sí ibi tí kò yẹ títí iṣẹ́ fi parí.

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kejì

Òjò. Mo lọ wò ó. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo gbé ọsàn lọ, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí, mo mú un dání títí.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà ò mọ̀. Mo ní mo fi pamọ́ fún gbogbo yín."

Ó ròyìn fún mi pé Adéjùmọ̀ kò bínú púpọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá san díẹ̀, yóò fi òun sí ọ́fíìsì níbi iṣẹ́, kí òun máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, kí òun máa kọ orúkọ àwọn tó bá wọlé. Iṣẹ́ ìjókòó. Inú rẹ̀ dùn sí i, ohun kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ dùn sí nìyẹn.

Mo bi í ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. Mo ní kí ló dé tó fi gbà láti lọ.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn mi kí ẹ lè lọ kọ̀ fún wọn ni. Mo ní bí ẹ bá ṣe wí, mo sì ń dúró kí ẹ bá mi kọ̀ ọ́."

Mo sunkún nínú mọ́tò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, mi ò ní bò ó.

Àìkú, 5 Oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi. A borí lónìí, ààyè wa nínú líìgì ti dájú. Àwọn ọmọ gbé mi sókè. Bí wọ́n ṣe gbé mi sílẹ̀ ni mo wa mọ́tò lọ sí ilé Adéjùmọ̀ ní Clondalkin, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: òrí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bébà tí mo fọwọ́ sí, irọ́ orí fóònù. Mo ní kó gba Safwan àti Olúwatìmí padà bó bá fẹ́.

Kò pariwo. Ó ní ká ní mo sọ fún òun nínú oṣù Kejìlá, òun ì bá má mú Waris rárá. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín ni ì bá wà títí dòní, Kóòṣì, lórí fọ́kílíìfù yín."

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, ṣé Waris wo ojú òun lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní Kóòṣì kò mọ̀? Mo ní nítorí tèmi ló ṣe parọ́, ó fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Síbẹ̀, bí mo ṣe ń wakọ̀ bọ̀, ara mi fúyẹ́. Mo tilẹ̀ jẹun nígbà tí mo délé.

Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹta

Waris wá sílé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ apá. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ láti Clondalkin. Kò gbà láti jókòó. Adéjùmọ̀ ti gba iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò lè fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó parọ́ fún òun lórí ibùsùn àìsàn lọ́wọ́, ó sì kí i pé kí Ọlọ́run wò ó sàn. Damastown ti fi ẹlòmíràn sórí fọ́kílíìfù rẹ̀ láti oṣù Kìíní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní òtítọ́ ni mo lọ sọ, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ títí. Munirat dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, Kamilah wà lẹ́yìn rẹ̀.

Waris jẹ́ kí n sọ tán. Kò gbóhùn sókè, kò sì wolẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ọkàn yín fúyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Munirat ló lọ ṣílẹ̀kùn fún un.